Rìlì mẹ́tàlélógún láti South Side: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí téépù orin sóòlù tí kò jáde rí

Òórùn fínígà ló kọ́kọ́ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn bésmẹ́ǹtì náà, kí n tó fojú kan téépù kankan. Màmá tó ni ilé ń bọ̀ lẹ́yìn mi díẹ̀díẹ̀, ó di ògiri mú. Ó ní, "Ìwọ náà ń gbọ́ òórùn yẹn? Mo ti rò pé imú mi ló ń tàn mí." Mo ní mò ń gbọ́ ọ, màmá. Mi ò sọ fún un pé téépù tó ń kú ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ títún rédíò, ampilifáyà àti ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ni mò ń ṣe níbí ní Chicago. Ìjọ kan náà ni èmi àti màmá yìí jọ ń lọ. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ní ilé-iṣẹ́ àwo orin kékeré kan ní South Side, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí dé àárín àwọn ọdún 1970. Àwo kékeré, ojú kan orin kan, ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀kan dé orí rédíò WVON fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyókù sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí màmá ò fẹ́ kí àwọn oníṣòwò àwo wá máa kan ilẹ̀kùn òun. Rìlì mẹ́tàlélógún, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká téépù mọ́, ló kù nínú àpótí márùn-ún. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tó wà lórí wọn, kí n sì gbà á sínú kọ̀ǹpútà kó tó pẹ́ jù. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ní irú téépù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pàápàá àwọn tí bàbá wọn ṣe ẹgbẹ́ onílù.

Ẹni tí kò bá mọ ìlú yìí lè máà mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ àwo orin pọ̀ lójú ọ̀nà South Michigan Avenue débi pé Record Row ni wọ́n ń pè é. Chess wà ní nọ́ńbà 2120. One-derful!, tí George Leaner dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní 1827. Vee-Jay náà wà níbẹ̀, àwọn ló ni "Duke of Earl" ti Gene Chandler, tó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ní 1962. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè ti gbé wọn mì. One-derful! ti ilẹ̀kùn ní 1968. Láàárín ẹsẹ̀ àwọn erin wọ̀nyí ni ọkọ màmá ti ń jẹ tirẹ̀: yàrá kan, tẹlifóònù kan, mọ́tò kan tó fi ń kó àwo kiri.

Mi ò sì lè fojú kéré àpótí inú bésmẹ́ǹtì. Ní oṣù keje 1967, àwọn ọmọ Jackson wá láti Gary ní Indiana, wọ́n kọ "Big Boy" sórí téépù ní One-derful!. Michael ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé-iṣẹ́ náà ò gbé e jáde. Steeltown ní Gary ló wá gba orin kan náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, tó sì tà á ní 1968. Téépù ti àkọ́kọ́ ò yọjú àfi ní 2009, ilé ẹnì kan ni wọ́n ti bá a.

Sátidé kìn-ín-ní. Tọ́ọ̀ṣì.

Kí ènìyàn tó gbé téépù sórí ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mo gbé rìlì kọ̀ọ̀kan sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ sí mi, tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, asitéètì ni. Bó bá ṣókùnkùn, pọlíẹ́sítà ni. Asitéètì ló pọ̀ jù nínú téépù àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960, òun ló sì ń rùn bíi fínígà bó bá ti ń jẹra. Oore kan tó ní ni pé bó bá já, gbagada ni yóò já. Ẹ ó so ó pọ̀, ohunkóhun ò ní sọ nù. Pọlíẹ́sítà kì í tètè já ní tirẹ̀. Nínà ló ń nà bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò, orin tó bá sì wà níbi tó ti nà, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ yí ẹ̀yìn téépù wò pẹ̀lú. Bó bá dúdú tí kò dán, wọ́n kùn ún ni. Ẹ fura sí i. Ampex 406 àti 456, tó gbòde ní àwọn ọdún 1970, irú ẹ̀ ni.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ asitéètì. Márùn-ún jẹ́ pọlíẹ́sítà lásán. Mẹ́ta jẹ́ Ampex 406. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí igun páálí, kí n má baà kọ ọ́ lé ìkọ̀wé bàbá lórí. Lára páálí mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ gàdàgbà: HOLD. Mo bi màmá ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní, "Kò dáa ni. Tó bá dáa, ì bá ti tà á."

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Ẹ̀rọ.

Revox A77 ni mo ní, tí ilé-iṣẹ́ Willi Studer ní Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1967. Ẹ̀yà HS ni, ìyẹn ni pé ó ń sáré ínṣì 7½ tàbí 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gba rìlì ńlá. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo gbé e pamọ́." Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn.

Mo ki í bọ iná. Iná atọ́ka tàn, ọ̀pá ìwọ̀n méjèèjì gbọ̀n, inú mi dùn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, nǹkan ró páù, èéfín funfun bo tábìlì. Ìyàwó mi ké láti òkè: "Bàbá Ìbejì, kí ló ń jó?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣé òórùn máa ń parọ́?

Mo mọ ẹni tó hùwà náà, ó sì yẹ kí n ti yọ ọ́ kúrò kí n tó tan iná: kápásítọ̀ RIFA, ẹ̀yà kékeré aláwọ̀ oyin tó ń gba iná pamọ́, tó wà níbi tí iná ti ń wọlé. Bébà ló wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ a sán wẹ́wẹ́ lójú ọdún, atẹ́gùn olómi a gba ibẹ̀ wọlé, ọjọ́ tí iná bá sì kàn án ni yóò bú. Ẹnikẹ́ni tó bá ra A77, kó yọ gbogbo RIFA inú rẹ̀ kó tó fi iná kàn án. Mo tún pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ ńlá níbi páwà, àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n, àti kápásítọ̀ mọ́tò. Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin. Rọ́bà tó ń fún téépù mọ́ ọ̀pá irin ti le bí ẹran gbígbẹ, mo ra tuntun. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu hẹ́ẹ̀dì, ibi tó ń ka orin lára téépù, mo sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ pa òòfà tó ti mù sára wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, hẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ni yóò máa pa ohùn tó ga lára téépù rẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Téépù ìdíwọ̀n ló kàn, èyí tí wọ́n gba ohùn tó péye sórí rẹ̀, tí ènìyàn fi ń to hẹ́ẹ̀dì àti ìyára. Iye tí mo rà á wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ mi, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n tò ó sí. Téépù Amẹ́ríkà nílò ìlànà tiwọn, tó ń jẹ́ NAB. Bí ènìyàn bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ohùn á jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbọ́ ní sítúdíò.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ràn lára A77. Mọ́tò tó ń fa téépù rẹ̀ kì í fi ìyípo iná ilé ṣe ìwọ̀n sáré. Sákíìtì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá ti tò ó tán, ó dúró síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò wúlò níwájú.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin. Yíyan.

Téépù, lẹ́búlẹ́bú irin ni, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ike. Àtè Ampex 406 ló ní àrùn. Ọdún dé ọdún ló ń mu omi inú afẹ́fẹ́, àtè náà a wá tú, a máa lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá kàn. Bó bá dé hẹ́ẹ̀dì, á ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ohun tó bó yẹn, orin ni.

Ìwòsàn rẹ̀ ni ooru jẹ́jẹ́: nǹkan bíi 54°C fún wákàtí mẹ́jọ, kí ènìyàn yí i padà ní ìdajì, kó wá jẹ́ kó tutù fún ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó fi wà nínú ooru. Ààrò inú ilé ìdáná ò dáa fún un, torí ooru rẹ̀ ń fò sókè sódò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú èso gbẹ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò. A ní ọ̀kan nílé. Inú ẹ̀ ni ìyàwó mi ń sá ilá àti ata sí, nítorí oòrùn Chicago kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbójú lé. Mo tọrọ rẹ̀. Èsì tí mo gbà ò ṣe é kọ síbí. Mo ra tèmi.

Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Tuntun yìí ní òun wà ní 54. Tẹmómítà tí mo kì bọ inú rẹ̀ ní 63 ni. Rìlì tí kò ní nǹkan lórí ni mo fi dánrawò fún ọjọ́ méjì kí n tó gbé ti màmá sínú rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde dáadáa. Kò sí igbe, kò sí bíbó. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo gbà wọ́n, torí ìwòsàn yìí kì í pẹ́: bó bá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi a tún padà. Ohun tó wà lórí wọn ńkọ́? Ká sọ òótọ́, rìlì 21 ò dùn. Gìtá ń ké wáú-wáú, ìlù ń lọ, ọkùnrin kan ń wá ibi tí orin wà fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kò rí i. Àwọn olùgbé-àwo-jáde kan á fẹ́ kí ẹ gbàgbọ́ pé gbogbo ohun tó bá ti pẹ́ nínú àpótí, wúrà ni. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n rìlì 22 ní orin kan tí afọnfèrè méjì ń dáhùn ara wọn nínú rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹjọ. Asitéètì.

Ẹ má yan asitéètì. Mo tún un sọ. Ooru á mú un ká kò bí ewé gbígbẹ, kò sì ní tún tọ́ mọ́.

Ìyà àwọn wọ̀nyí ni ojú ìso. Nígbà tí wọ́n ń to orin, bíléèdì ni wọ́n fi ń gé téépù, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù tirẹ̀ lọ́tọ̀ so ó. Gọ́ọ̀mù yẹn ti gbẹ. Rìlì 4 tú lójú mi ní ibi mọ́kànlá, bó ṣe ń yí ló ń tú. Mo ń dá ẹ̀rọ dúró, mo ń tẹ́ ẹ sórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gé e, mo ń nu gọ́ọ̀mù àtijọ́, mo ń so ó. Wákàtí mẹ́sàn-án fún orin tí kò pé ogún ìṣẹ́jú.

Níbi ìso kẹfà, ègé téépù kan bọ́ sílẹ̀. Kò gùn ju ìka mi lọ, ó ní àmì ṣọ́ọ̀kì funfun lójú méjèèjì. Ní ìyára 15, ìyẹn ò ju ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Mo fọwọ́ fà á kọjá lórí hẹ́ẹ̀dì. Èémí ni. Èémí tí olórin mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó to orin náà ti gé e dànù, ó wá yí ọkàn padà, ó so ó padà síbi tó wà. Mo so tèmi náà.

Nísàlẹ̀ páálí rìlì 4 ni mo ti bá ìwé tí wọ́n fi háyà àwọn eléré ní ọjọ́ ìgbàsílẹ̀. Kò sí ọdún lórí rẹ̀, omi ti jẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n "Local 208" wà lókè. Ní Chicago ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré dúdú dá wà, 208 ni wọ́n. Local 10 ni ti àwọn aláwọ̀ funfun. Oṣù kìn-ín-ní 1966 ni wọ́n da méjèèjì pọ̀. Ìwé tó bá ń jẹ́ 208 nìkan, ó ti wà ṣáájú ìgbà náà.

Mo yí ìwé náà padà. Bàbá ti fi pẹ́ńsùlù ṣe ìṣirò sẹ́yìn rẹ̀: owó sítúdíò, owó afọnfèrè mẹ́rin, owó títẹ àwo 500, àti ìlà kan tó kọ "rédíò" sí, tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó ẹ̀yìn ni, kí wọ́n lè máa fi orin náà sáfẹ́fẹ́. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó wá kọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tó ìdajì.

Mo gbé e lọ fún màmá. Ó wọ dígí, ó wò ó pẹ́.

"Ọdún tí a bí èkejì nìyí," ó ní.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka HOLD lọ́nà mìíràn. Mo padà sórí páálí mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Mẹ́jọ nínú wọn, orin tó parí ni, tó ṣe é tà lọ́jọ́ kejì. Olórin ò ṣàṣìṣe, ẹ̀rọ ò ṣàṣìṣe. Bàbá ń dúró de owó ni.

Àwọn tó lówó náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú tiwọn. Ní oṣù kejì 1978, iná jó ibi ìkẹ́rùsí Atlantic ní Long Branch, New Jersey, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rìlì tí kò jáde rí ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2008, iná tún jó ibi tí Universal ń kó téépù sí ní Hollywood. Ọdún 2019 ni ìwé ìròyìn New York Times tó jẹ́ kí aráyé mọ bó ṣe burú tó. Ti ilé-iṣẹ́ àwo Stax ní Memphis ló dùn mọ́ mi: àwọn téépù tí àwọn akọrin-sílẹ̀ wọn fi ń dán orin wò, Cheryl Pawelski, tó ń gbé orin àtijọ́ jáde, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní 2023 wọ́n gbé 146 jáde lórí síídì méje. 140 nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí. Dùùrù kan tàbí gìtá kan, ohùn kan, àti ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Àwọn kan bi mí bóyá mo ń lo kọ̀ǹpútà fọ ariwo kúrò. Mi ò fọ nǹkan kan. Bó ṣe wà lórí téépù ni mò ń gbà á, pẹ̀lú ìkọ́, ẹ̀rín, àti ìjókòó tó ń dún. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀, kó fọ ẹ̀dà tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Rìlì 7.

Rìlì kékeré ni, asitéètì, ìyára 7½. Wọn ò gbà á ní sítúdíò. Inú yàrá ọ́fíìsì bàbá ni, lórí ẹ̀rọ ilé. Dùùrù, obìnrin kan, elégbè méjì, orin mẹ́rin. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan tó dùn tó ìyẹn láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Màmá gbọ́ ìlà kan péré, ó pe orúkọ obìnrin náà. Ṣé ó wà láyé? Ó ní, "Ó wà. Ibi ìsìnkú la ti ń ríra wa."

Mo pe obìnrin náà fúnra rẹ̀, ìyá olórin, lórí fóònù, mo fi ìṣẹ́jú kan gbá a létí. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ta ni yẹn?"

Mo ní ẹ̀yin ni, màmá.

"Èmi kọ́. Mi ò kọrin lókè tó yẹn rí láyé mi. Bóyá ọmọdé kan ló ń sín mi jẹ."

Ó bá mi lójijì. Mo ti tò ẹ̀rọ mi pẹ̀lú téépù olówó ńlá, etí mi ò sì sọ fún mi pé nǹkan kan yẹ̀. Mo padà sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ ilé àtijọ́ máa ń gba kíkùn iná mọ́ orin. Iná Amẹ́ríkà ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì yẹsẹ̀. (Ká ní iná tiwa ní Ìbàdàn ni, mi ò ní fi búra.) Nítorí náà, bí kíkùn bá wà lórí téépù, àgogo wà níbẹ̀ nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé òun gbé síbẹ̀. Mo mú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó wà ṣáájú dùùrù, níbi tí gbogbo wọn dákẹ́, mo wo ohun tó ń kùn lábẹ́. Kì í ṣe 60. 61.4 ni.

Mo yẹ rìlì 4 wò bóyá ẹ̀rọ mi ló ń sáré. 60 géérégé. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì bàbá ló lọ́ra lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀rọ tó ń sáré dáadáa bá wá ń ka ohun tí èyí tó lọ́ra kọ, gbogbo rẹ̀ á yára, á sì ga sókè. Ó ku díẹ̀ kó tó ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí dùùrù, kò tó ìdajì ọ̀nà láti bọ́tìnnì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi tí mò ń fi etí jẹun ò gbọ́ ọ. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún gbọ́ ọ lórí fóònù, ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ìparí rìlì, ó ti di 61.1, rọ́bà ẹ̀rọ náà ń gbóná, bóyá. Mo tún orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pè é padà lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ó gbọ́ orin kìn-ín-ní dé òpin. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Èmi nìyẹn," ó ní. Lẹ́yìn náà: "Ọkùnrin yẹn jẹ mí ní dọ́là 25."

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn. Mo sọ fún màmá bó ṣe rí gan-an. Ó ní kí n gbé fóònù fún òun. Mo rò pé ìjà ló ń bọ̀, mo sì ti ń ro bí mo ṣe máa gbé àpótí mi jáde. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ìdajì rẹ̀, fìlà obìnrin kan tó wọ fìlà burúkú wá sí ìgbéyàwó ní 1964 ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá olórin wá láti Gary, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà á wá. Màmá fún un ní àpòòwé kan. Mi ò bèèrè iye tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó nípọn ju dọ́là 25 lọ.

Mo ṣàlàyé òfin fún wọn. Títí di 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò dáàbò bo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kejì 1972. Òfin tuntun ló wá mú wọn wọlé, ààbò àwọn tó bọ́ sáàárín 1957 sí ìgbà náà yóò sì wà títí di ọjọ́ 15 oṣù kejì 2067. Nítorí náà, ẹ má bi mí ibi tí ẹ ti lè gbọ́ ọ. Àwọn orúkọ eléré inú ìwé Local 208 ni a ń wá báyìí, ẹni tó bá ti kú, à ń wá ọmọ rẹ̀. A ti rí mẹ́ta.

Ìyá olórin tún àkọlé orin kejì ṣe: ohun tí bàbá kọ sí páálí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ ẹ̀kẹta, ó sì dárúkọ elégbè tó wà lápá òsì, tí màmá ti gbàgbé. Rìlì 19 ṣì wà nílẹ̀. Ó ti ká kò, mi ò tíì lè kà á. Mo gbé páálí tuntun fún 7, mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí i:

"7½, dín in kù: 61.4 sí 60. Orin 4: 61.1 sí 60. Olórin ti gbọ́ ọ, ó ní òun ni."